Ọ̀rọ̀ Oníkẹ̀kẹ́ Tí Mo Gbé Mì

Láàárín ilé wa àti ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣe tíṣà, ọ̀nà kan wà nígbà kan tó gba ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn kọjá. Kò fẹ̀ ju ibi tí kẹ̀kẹ́ méjì lè gbà pàdé ara wọn lọ. Ẹni tó bá wá sí ìlú wa lónìí kò ní rí i. Ṣọ́ọ̀bù ló wà lórí rẹ̀ báyìí, àti ilé epo kan, àti ògiri ọgbà àwọn tó ti Èkó wá kọ́lé. Bí mo bá ń lọ sí ilé ìjọsìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń fi ojú wọn ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ojú mi ṣì ríran, ẹsẹ̀ mi sì ń gbé mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí kì í jẹ́ kí ọpẹ́ náà dùn tán lẹ́nu mi.

Ìlú wa kò jìnnà sí Ọ̀mù-Àrán. Ẹni tó bá jí gun kẹ̀kẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa, tí kò bá dúró kí ẹnikẹ́ni, yóò dé Ọ̀mù-Àrán kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gun kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà láìdúró kí ẹnikẹ́ni? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí a tó gba òmìnira, ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà tó la ìlú wa já. Igi ọ̀dán àti igi máńgòrò wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀ka wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lókè. Láti ọjọ́ ọjà kan dé òmíràn, lọ́rì kì í kọjá níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bó bá sì ń bọ̀, a ti máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kó tó yọ. Àwọn ìyá á pe ewúrẹ́ wọn, àwọn àgbà á ká ẹsẹ̀ wọn kò. Bó bá ti kọjá, ọ̀nà á tún di tiwa. Kẹ̀kẹ́ ló ni ín: kẹ̀kẹ́ àgbẹ̀ tó di iṣu mọ́ ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ oníwàásù tó ń lọ sí Ìjàrà-Ìsin, kẹ̀kẹ́ ààfáà tó ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní Àrándùn.

Òfin kan wà nípa kẹ̀kẹ́ gígùn nígbà náà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé. Ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́, bó bá rí àgbà, ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Kò tó kó dín eré kù, kò tó kó tẹ agogo kó sì tẹrí ba. Yóò sọ̀kalẹ̀ pátápátá. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, yóò gbé kẹ̀kẹ́ dúró, yóò dọ̀bálẹ̀. Bó bá jẹ́ obìnrin, yóò fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú, yóò kúnlẹ̀. Àgbà náà á wá máa béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: ilé ńkọ́, ìyá rẹ ńkọ́, ṣé iṣu ta lọ́dún yìí, ṣé ikọ́ ti fi bàbá rẹ àgbà sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bi léèrè kò ní dìde títí àgbà yóò fi sọ pé, "Ó dáa, gùn ún, máa lọ." Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú àgbà, wọ́n á ní orí bàbá rẹ̀ ló gùn kọjá. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tí mo ti kàwé, ẹgba mẹ́fà ni fún ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èmi náà di tíṣà, mo na ọ̀pọ̀ ọmọ nítorí rẹ̀, mo sì gbà pé mò ń tọ́ wọn ni.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, alàgbà sì ni nínú ìjọ. Igi ọ̀dán kan wà níwájú ilé wa, abẹ́ rẹ̀ ni àpótí ìjókòó rẹ̀ máa ń wà. Ní òwúrọ̀ kó tó lọ sóko, àti ní ìrọ̀lẹ́ bó bá ti dé, ibẹ̀ ni ó ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kí i, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. N kò rò pé ó mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni òun jókòó sí. Ní tirẹ̀, iwájú ilé rẹ̀ ni.

Ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí Ìlọrin di olú-ìlú, ni mo gbé ìyàwó. Ó ti kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọ, ìjọ sì fún un ní kẹ̀kẹ́ kan kó lè máa dé àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í dé. Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ń wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó fi rọ́bà táyà dì í. Àwọn aboyún ní abúlé mọ ìró agogo rẹ̀. Wọ́n ní bí ìrora bá ti mú obìnrin, tó bá gbọ́ agogo yẹn láti ìsàlẹ̀ òkè, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Nọ́ọ̀sì oníkẹ̀kẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa kì í rí i kó má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ni ọkọ rẹ̀, Tíṣà kàn ń bá a jẹun ni. Ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá, kẹ̀kẹ́ kì í béèrè ọbẹ̀."

Èmi a máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ nínú ìwé yìí: ẹ̀rín náà kì í dé inú mi. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi kan ti ń fi owó pamọ́ láti ra mọ́tò. Èmi ni ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ kiri oko.

Kò pẹ́ sí i tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà fi dé. Ìlú kan tí kò jìnnà sí wa ti gba ọ̀nà ọlọ́dà, ara wa kò sì gbà á. Ìgbìmọ̀ ìlú fi mí ṣe akọ̀wé, mo sì kọ̀wé sí Ìlọrin lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí ìdáhùn dé, wọ́n rán òyìnbó kan wá láti wo ilẹ̀, ẹnjiníà ni. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó ti gbó díẹ̀, oòrùn sì ti pa á lára. Láti òwúrọ̀ ló ti dúró sí abẹ́ igi máńgòrò kan pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́, tó ń wo àwọn tó ń kọjá. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó wá bá àwọn àgbà ní iwájú ààfin. Èmi ni ògbufọ̀.

Ó tẹ́ àwòrán méjì sórí tábìlì. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀nà náà fẹ̀ gidigidi, ọ̀dà ló kún un láti etí dé etí, kò sí igi kankan. Nínú ti kejì, ọ̀dà náà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì, ó ya ọ̀nà tóóró kan tó ga ju ọ̀dà lọ díẹ̀. Igi wa wà láàárín ọ̀dà àti ọ̀nà tóóró náà. Ó fi ìka tọ́ka sí i, ó ní ti ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ nìyí. Ó ní láti òwúrọ̀ ni òun ti ń ka àwọn tó ń kọjá, ọkọ̀ kò tó nǹkan nínú wọn. Ó ní ní ìlú tòun, wọ́n ti wó irú ibi báyìí, wọ́n gé igi rẹ̀, wọ́n fi fún ọkọ̀, àwọn tó ṣe é sì ti ń kábàámọ̀ báyìí. Ó wá ní kí n bá òun bi àwọn àgbà pé: bí ọkọ̀ bá gba gbogbo ọ̀nà, níbo ni àwọn tí òun rí lónìí yóò máa gbà?

Gbogbo ohun tó sọ ni mo gbọ́. Èdè rẹ̀ kò ṣòro fún mi. Ṣùgbọ́n inú ti bí mi kó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Mo rò ó lọ́kàn mi pé a gba òmìnira, a gba ìpínlẹ̀, ọkùnrin yìí sì wá fi ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lọ̀ wá. Mo yíjú sí àwọn àgbà. Mo ní, "Ó ní ṣé ọ̀nà ńlá lẹ fẹ́, àbí kékeré."

Ìyẹn nìkan ni mo sọ.

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n bi í bóyá kékeré ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Wọ́n ní ńlá ni àwọn fẹ́, kó tilẹ̀ tún fẹ̀ ju ti ìlú kejì lọ. Mo padà sọ́dọ̀ òyìnbó náà. Mo sọ fún un ní èdè rẹ̀ pé àwọn àgbà ní láìpẹ́ kò ní sí ẹni tí yóò máa gun kẹ̀kẹ́ níbí mọ́, mọ́tò ni gbogbo wọn máa rà. Kò sí àgbà kankan tó sọ bẹ́ẹ̀.  Òyìnbó náà ká àwòrán kejì jọ, ó fi rọ́bà dì í, ó sì fi í sínú àpò.

Bí ọ̀nà ṣe dé nìyẹn. Katapílà wó àwọn igi láàárín ọjọ́ mélòó kan péré. Bàbá mi dúró níwájú ilé títí ọ̀dán rẹ̀ fi ṣubú. Nígbà tí wọ́n da ọ̀dà tán, ó gbé àpótí rẹ̀ padà sí ibi tó máa ń wà gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ti súnmọ́ ibẹ̀ nísinsìnyí, kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ sí i. Mo ní kó jẹ́ kí n gbé e wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bi mí pé, "Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ta ni yóò rí mi kí?"

Ìjọ ṣe ìdúpẹ́ fún ọ̀nà. Wọ́n pè mí jáde pé èmi ni mo fi gègé mú un wá, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí. Mo kúnlẹ̀, mo sì ṣe àmín.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, eré wọn kò sì jọ ti àtijọ́ mọ́. Ewúrẹ́ kú. Ajá kú. A ní ojú yóò mọ́ ọn. Ọ̀nà ti yí padà, àwa kò yí padà. Àwọn àgbà ṣì jókòó síwájú ilé wọn, ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ṣì ń sọ̀kalẹ̀ kí wọn, èmi náà ṣì ń di ẹgba mú ní ilé ẹ̀kọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní àkókò òjò, ìyàwó mi ń bọ̀ láti abúlé kan tó ti lọ gbẹ̀bí. Mo wà níwájú ilé, mò ń nu kẹ̀kẹ́ tèmi kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Bàbá wà lórí àpótí rẹ̀. Ìyàwó mi rí i, ó sọ̀kalẹ̀. Ó ti táyà iwájú bọ́ sórí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù láàárín ọ̀dà àti àpótí bàbá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò gba kẹ̀kẹ́ tán. Táyà ẹ̀yìn àti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ọ̀dà. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ìyàwó. Ṣé ó ti sọ̀?"

"Ó ti sọ̀, Bàbá. Tìyá tọmọ ló wà láàyè."

"Ògo fún Ọlọ́run. Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Lọ́rì kan ti ń fọn fèrè láti ìgbà tó ti yọ ní kọ́nà. Mo gbọ́ ọ. Bàbá gbọ́ ọ. Ìyàwó mi pàápàá gbọ́ ọ, nítorí mo rí i tó yíjú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ti bi í ní ọ̀rọ̀, kò tí ì dáhùn, kò sì sí ẹni tó ní kó dìde. Obìnrin wo ní ìlú wa ni yóò fò dìde lójú bàbá ọkọ rẹ̀ nítorí fèrè ọkọ̀? Lọ́rì náà gbá táyà ẹ̀yìn, ó wọ́ kẹ̀kẹ́ náà, kẹ̀kẹ́ sì wọ́ ìyàwó mi.

Nígbà tí awakọ̀ náà sọ̀kalẹ̀, ẹkún ló ń sun. Àlejò ni, kì í ṣe ará ilẹ̀ wa. Ohun tó ń tún sọ ni pé, "Mo rò pé ó máa dìde. Mo fọn fèrè, mo rò pé ó máa dìde."

Ọlọ́run dá ẹ̀mí ìyàwó mi sí, n kò sì ní yé dúpẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun itan rẹ̀ dá sí ọ̀nà méjì. Ó pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó dé ilé, nǹkan funfun tó le bí òkúta ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, dókítà sì sọ pé kò dájú pé yóò tún gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ní oṣù tí ó wà lórí ẹní yẹn, wọ́n gbé aboyún kan wá láti abúlé lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ilé. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti bímọ sójú ọ̀nà, ọmọ náà kò sì sunkún. Ọkọ obìnrin náà wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ní òun ti ń tẹ́tí sí agogo láti òwúrọ̀ ni. Ìyàwó mi yíjú sí ògiri.

Bàbá mi kò jókòó síwájú ilé mọ́. Láti ọjọ́ tí lọ́rì náà ti kọ lu ìyàwó mi ló ti gbé àpótí rẹ̀ wọlé, tó dojú rẹ̀ dé. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ kí òun. Bí àwọn àgbà ìjọ bá wá tù ú nínú, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sọ fún wọn: "Mi ò sọ fún un pé kó dìde." Ó ń rù, agbádá rẹ̀ sì ń fẹ̀ mọ́ ọn lára. Wọ́n á ní kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Á dáhùn pé, "Ẹnu mi ló mú un dúró síbẹ̀."

Èmi sì ń wò ó. Mo mọ̀ pé ọ̀nà tóóró kan wà nínú àwòrán, tó ga ju ọ̀dà lọ, tí igi dá ààbò bò, tí ìyàwó mi ìbá kúnlẹ̀ lé lórí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí lọ́rì kò ní kàn án. Mo mọ ẹni tó gbé e mì. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Ọlọ́run nínú àdúrà lọ́pọ̀ ìgbà. Ó rọrùn láti jẹ́wọ́ fún Un, nítorí Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ni mo ń bẹ̀rù.

Lẹ́yìn tí wọ́n tú ẹsẹ̀ ìyàwó mi, tó ń fi ọ̀pá rìn, ó ní bí òun bá ti lè tẹ kẹ̀kẹ́, òun máa padà sí abúlé. Bàbá kò jiyàn. Ní ọjọ́ kejì, ó mú ọkọ́ àti àdá, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ilẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló fẹ́ gbìn síbẹ̀, ó ní òun kò gbin nǹkan kan. Ó ní ọ̀nà ni. Kò ní jẹ́ kí ìyàwó òun tún fi ẹsẹ̀ kan ọ̀dà. Àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn, òun nìkan, ó fẹ́ la ẹ̀yìnkùlé gbogbo ìlú já, kọjá ilé ẹ̀kọ́, títí dé ọ̀nà oko.

Mo mú ọkọ́ tèmi, mo bá a ro ó. Ní ọjọ́ kẹta, oòrùn ti mú, ó dúró láti nu ojú rẹ̀. Ó tún sọ ọ́, kì í ṣe fún mi, pé òun kò sọ fún un pé kó dìde. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ebè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àwòrán méjèèjì, ohun tí òyìnbó béèrè, ohun tí mo túmọ̀, ohun tí n kò túmọ̀, irọ́ tí mo fi dáhùn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kó foríjì mí.



"Tíṣà," ó ní, "ẹsẹ̀ ta ló dá?"

"Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ni, Bàbá."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi lò ń bẹ̀?"

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Kò ní kí n dìde.

Mo bá ìyàwó mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó na ẹsẹ̀ náà síwájú. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, kò sunkún, kò sì pariwo. Ó ní kí n sọ ohun tí òyìnbó náà sọ gan-an, kí n má fi ọ̀kan sílẹ̀. Nítorí náà mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì, bí ó ṣe yẹ kí n ti túmọ̀ rẹ̀ ní iwájú ààfin.

"Ó ń ka àwọn oníkẹ̀kẹ́?" ó ní.

"Ó ń kà wọ́n."

"Ṣé ó kà mí mọ́ wọn?"

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ohun kan ṣì kù tí n kò tí ì sọ fún bàbá, tí n kò tilẹ̀ sọ nínú àdúrà.

"Ó rí ọ," mo ní. "O kọjá lẹ́ẹ̀mejì ní òwúrọ̀ náà. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni obìnrin tó gbé àpótí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yẹn ń ṣe."

"Kí lo wí?"

"Mo ní agbẹ̀bí ni."

"O ò sọ pé ìyàwó rẹ ni."

"N kò sọ."

Ó mú òkúta kan kúrò nínú ẹ̀wà, ó jù ú síta. Kò bi mí ní ìdí rẹ̀. Mo rò pé ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo ti ń rẹ́rìn-ín sí yẹ̀yẹ́ ìyá àgbà yẹn. Nígbà tó gbójú sókè, ó ní, "Lọ sọ ọ́ fún àwọn àgbà bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí."

Mo sọ ọ́ fún àwọn àgbà ní ìpàdé ìlú.  Ọ̀kan nínú wọn wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àṣé ìwọ nìkan ni ìlú." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn. Òmíràn tó jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn ní kí wọ́n má purọ́ fún ara wọn. Ó ní bí mo bá tilẹ̀ ti túmọ̀ rẹ̀ tán, ńlá ni òun náà ì bá mú. Ó rò pé òun ń gbà mí sílẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ, n kò sì ní mọ̀ láéláé, nítorí n kò jẹ́ kí wọ́n yàn.

Wọ́n ní kí n tún kọ̀wé sí Ìlọrin, kí wọ́n wá ṣe ọ̀nà tóóró náà fún wa. Mo kọ ọ́. A kò rí èsì.

Bàbá mi wá dìde. Ó ní nǹkan méjì ni òun wá bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́ ni kí agboolé kọ̀ọ̀kan la ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀nà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ lè já. Wọ́n gbà. Èkejì ni pé kí ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ má sọ̀kalẹ̀ kí àgbà mọ́. Kó tẹ agogo, kó tẹrí ba, kó máa lọ. Kí àgbà na ọwọ́ sókè sí i. Ìyẹn dá ìjà sílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọ̀nà lọ. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ kí ọmọdé máa fi agogo kí àwọn bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́. Wọ́n ní ìwé tí ọmọ rẹ̀ kà ló ti kó bá òun náà.

"Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa kúnlẹ̀ fún òun ní etí ọ̀dà," bàbá mi ní, "kó kọ́kọ́ lọ jókòó sí àárín ọ̀dà fúnra rẹ̀." Ó sì jáde.

Kì í ṣe gbogbo àgbà ló gbà. Àwọn kan kú láìgbà. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́, mo fi ẹgba náà dá iná.

Ọjọ́ tí ìyàwó mi kọ́kọ́ padà sórí kẹ̀kẹ́, bàbá ti gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ní etí ọ̀nà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Èmi dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn. A gbọ́ agogo rẹ̀ kí a tó rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kì í ká dáadáa mọ́, nítorí náà kẹ̀kẹ́ náà ń yẹ̀ sọ́tùn-ún bó ṣe ń bọ̀. Mo rí i tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é kó tó rántí. Bàbá náà ti gbé ara rẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan, ó sì pa ẹnu dé. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ pé kí àwọn àgbà máa ṣe. Ìyàwó mi tẹ agogo, ó tẹrí ba, ó kọjá níwájú rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Nígbà tó kọjá tán, tí kò lè yíjú padà kó má bàa ṣubú, ó sọ ìdáhùn tí kò rí sọ lọ́jọ́ lọ́rì náà sókè.

"Obìnrin ni, Bàbá."

 Ọwọ́ Bàbá ṣì wà lókè nígbà tí ìyàwó mi ti yà sí ẹ̀yìn ilé kejì, tí a kò rí i mọ́.